Orí Kẹfà: Gbogbo Aláǹgbá Ló Danú Délẹ̀ — Àìsàn Àwọn Ajagunfẹ̀yìntì Ogun Gulf

Àwọn baba wa tí wọ́n mọ ìwà ayé délé ni wọ́n wò ó títí, tí wọ́n fi sọ pé gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run nínú wọn. Àwọn tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò nínú orí yìí ni àwọn jagunjagun kan tí wọ́n ti ojú ogun dé láìfarapa, tí ọta kò bà, tí idà kò ṣá, tí ojúlé wọn kún fún ijó àti ayọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dé, ṣùgbọ́n tí ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í daṣẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ọdún tó yí po. Wọ́n sọ ọ́ fún dókítà, dókítà kò rí i; wọ́n gbé e lọ síwájú ìjọba tó rán wọn níṣẹ́, ìjọba ní kò sí nǹkan kan. Àrùn méjì ló wà nínú ìtàn yìí: ọ̀kan wà nínú ara àwọn ọmọ ogun, èkejì wà láàárín wọn àti ìjọba wọn, èyí èkejì yìí sì ni àrùn tí à bá ti dènà rẹ̀ ká ní wọ́n tètè sọ òtítọ́.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ ọdún 1990 ni Saddam Hussein, olórí ilẹ̀ Ìrákì, kó ogun wọ ilẹ̀ Kùwéètì, tó sì gbà á mọ́ àwọn onílẹ̀ lọ́wọ́. Ààrẹ Amẹ́ríkà, George Bush àgbà, kó orílẹ̀-èdè tó lé ní 30 jọ láti lé e jáde; ogun yìí ni à ń pè ní Ogun Gulf. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí wọ́n lọ síbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 700,000, àwọn ti Bìrìtìkó sì tó nǹkan bí 53,000. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1991 ni bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ni ogun orí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nígbà tó sì fi máa di ọjọ́ 28 oṣù kan náà, ogun ti parí. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ọ̀tá pa kò tó 150. Ogun tó yá kánkán báyìí, tí òkú rẹ̀ kò sì pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó borí, ṣọ̀wọ́n nínú ìtàn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fi ìlù àti fèrè pàdé àwọn akọni náà, àwọn ajà-má-wẹ̀yìn, ọmọ akin tí í fi àyà ko iná, tí wọ́n kí wọn kú àjàyè, tí wọ́n kí wọn kú àjàbọ̀, tí olúkúlùkù sì padà sọ́dọ̀ aya, ọkọ àti ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju eje lọ.

Kò pẹ́ kò jìnnà tí wọ́n dé ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn àárẹ̀ tí oorun kò lè mú kúrò. Orí ń fọ́ wọn, oríkèé àti ẹran ara ń ro wọ́n, oorun kò kun ojú wọn, inú wọn kò gbádùn, ara wọn ń sú, èémí wọn ń ké. Èyí tó sì bà wọ́n lẹ́rù jù ni pé ìgbàgbé dé, tí ẹni tó ti ń ka àwòrán ilẹ̀ aginjù láìṣìnà kò lè rántí ohun tí aya rẹ̀ rán an lọ rà. Ọ̀dọ́ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, a ti yẹ ara wọn wò kí wọ́n tó lọ, a sì ti rí i pé wọ́n le koko. Nígbà tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, dókítà á gba ẹ̀jẹ̀, á ya àwòrán inú ara, kò sì ní rí ohun tí ó lè tọ́ka sí. Ohun tó ń ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe: ẹni tó wà ní ìlà oòrùn Amẹ́ríkà àti ẹni tó wà ní ìwọ̀ oòrùn rẹ̀, tí wọn kò mọ ara wọn rí, ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó padà sí Bìrìtìkó.

Kí ni ara wọn bá pàdé ní aginjù? Ohun tí wọ́n bá pàdé kì í ṣe ẹyọ kan. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ìrákì ń sá lọ, wọ́n dáná sun kànga epo tó lé ní 600, èéfín bo ojú ọ̀run débi pé ọ̀sán di òru, iná kànga tó gbẹ̀yìn kò sì kú títí di ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá ọdún 1991. A gún àwọn ọmọ ogun ní abẹ́rẹ́ àjẹsára lóríṣiríṣi, ti àrùn anthrax wà lára wọn. Eruku ọta tí a fi yuréníọ́ọ̀mù ṣe ń fẹ́ láàárín àwọn ọkọ̀ ogun tó jóná. Nítorí eṣinṣin àti yànmùyánmú aginjù, wọ́n fi oògùn apakòkòrò sára aṣọ, wọ́n fín in sínú àgọ́, wọ́n sì ń fi í para. Lẹ́yìn gbogbo èyí, a kó oògùn oníhóró kan fún wọn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ pyridostigmine bromide, èyí tí a ó máa pè ní PB, pé kí wọ́n máa lò ó ní wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ, kí ó lè gbà wọ́n bí ọ̀tá bá tú afẹ́fẹ́ olóró sí wọn. Oògùn náà kì í ṣe tuntun, ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń fún àwọn tí àrùn ìrọra iṣan ń bá jà. Ṣùgbọ́n wọn kò tíì fọwọ́ sí i fún ara líle tí ń lọ sójú ogun. Nínú òfin ìṣègùn Amẹ́ríkà, irú oògùn bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ẹnu ènìyàn láìjẹ́ pé a ṣàlàyé rẹ̀ fún un kí ó sì gbà; síbẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 1990, àjọ FDA tó ń mójútó oúnjẹ àti oògùn gba iléeṣẹ́ ológun láàyè láti fún àwọn ọmọ ogun láìbéèrè ìyọ̀ǹda wọn.

Ó yẹ kí á mọ bí àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ara, nítorí ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí ọpọlọ bá fẹ́ kí apá ká tàbí kí ẹsẹ̀ gbé, iṣan ìmọ̀lára a máa tu kẹ́míkà kan tí à ń pè ní acetylcholine jáde, òun ni ó ń jíṣẹ́ fún ẹran ara. Bí iṣẹ́ bá ti jẹ́ tán, èròjà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ acetylcholinesterase á tú kẹ́míkà náà ká lójú ẹsẹ̀, kí ẹran ara lè sinmi. Bí ìró ìlù àti ọwọ́ onílù ni àwọn méjèèjì: ọwọ́ tó ń pa ìró náà ni kì í jẹ́ kí ìlù kan bo òmíràn mọ́lẹ̀. Sarin, afẹ́fẹ́ olóró tí a ṣe láti fi pa ènìyàn, a máa so ọwọ́ yẹn, tí iṣẹ́ á fi máa dé léraléra láìdúró, tí itọ́ á máa dà, tí ara á máa gbọ̀n, tí ẹran ara tí a fi ń mí á sì daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn oògùn apakòkòrò tí wọ́n wà nínú ẹ̀yà organophosphate, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà pa kòkòrò. Oògùn PB náà, ara èròjà kan náà ló ń lẹ̀ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í pẹ́ tí yóò fi í sílẹ̀, kí afẹ́fẹ́ olóró má bàa rí gbogbo rẹ̀ gbà. Ẹ wá wò ó: nǹkan mẹ́ta tí wọ́n ti ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá, orí ibì kan ṣoṣo nínú ara ni gbogbo wọ́n bà sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé tiwa náà. Lára àwọn oògùn apakòkòrò tí a gbé kọ́ sínú àgọ́ àwọn ọmọ ogun wọ̀nyẹn ni dichlorvos, òun náà sì ni èròjà tó wà nínú Sniper tí ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ Yorùbá ń fín sí iyàrá, tí àwọn oníṣòwò kan sì ń fín sí ẹ̀wà kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Nígbà tí àjọ NAFDAC ilẹ̀ Nàìjíríà fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ lọ́jà ní ọdún 2019, kì í ṣe àsọdùn ni wọ́n ń sọ. Ohun tó ń pa kòkòrò nípa dídí iṣan rẹ̀ lọ́wọ́ kò ṣàìmọ iṣan ọmọ ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ àwọn jagunjagun. Ní gbogbo àsìkò ogun, ẹ̀rọ tí ń kìlọ̀ pé afẹ́fẹ́ olóró wà nítòsí ké ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Bó bá ti ké, àwọn ọmọ ogun á sáré wọ aṣọ ààbò, wọ́n á fi ìbòjú bojú, ọkàn wọn á sì máa lù kìkì. Àwọn ọ̀gá ní irọ́ ni ẹ̀rọ náà ń pa. Àwọn ọmọ ogun Czechoslovakia, tí wọ́n mọṣẹ́ náà dunjú, ròyìn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1991 pé àwọn rí àmì afẹ́fẹ́ olóró, ọdún 1993 ni iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà tó gbà pé ó ṣeé gbàgbọ́. Ní ọdún 1994, Sẹ́nétọ̀ Donald Riegle ti ìpínlẹ̀ Michigan gbé ìròyìn jáde lórí ọ̀ràn náà, síbẹ̀ ohùn Pentagon, iléeṣẹ́ ológun náà, kò yí padà: kò sí ẹ̀rí pé ọmọ ogun kan fara kan afẹ́fẹ́ olóró.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà ní ìṣòro tiwọn, n kò sì ní fi òótọ́ dù wọ́n. Ní ọdún 1996, ìwádìí ńlá méjì jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn kan tó lókìkí jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ọ̀kan ka iye àwọn tí a dá dúró sí ilé ìwòsàn, èkejì ka iye àwọn tó kú, méjèèjì sì fi hàn pé àìsàn kò gbé àwọn ọmọ ogun Gulf wọ ilé ìwòsàn, kò sì pa wọ́n, ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò lọ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka èyí, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ẹni tí orí ń fọ́, tí oríkèé ń ro, tí kò rántí orúkọ aládùúgbò rẹ̀, kì í kú, a kì í sì í dá a dúró sí ilé ìwòsàn. Ilé rẹ̀ ni yóò jókòó sí, tí iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ìgbéyàwó rẹ̀ á máa mì. Ìwádìí náà wọn ohun tó yẹ ní wíwọ̀n, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó ń ṣe àwọn ènìyàn náà ni ó wọ̀n. Yàtọ̀ sí èyí, ìwé àkọsílẹ̀ kò sí. Kò sí ẹni tó kọ iye hóró PB tí olúkúlùkù lò, tàbí iye oògùn apakòkòrò tó fi para, tàbí ibi tó dúró sí lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ fẹ́. Nítorí náà, nígbà tí àwọn olùwádìí dé, ìrántí àwọn aláìsàn nìkan ni wọ́n rí gbára lé, ìrántí gan-an sì ni àìsàn náà ń bàjẹ́.

Nínú òkùnkùn yìí ni ọ̀rọ̀ kan ti dìde tó dun àwọn ajagunfẹ̀yìntì ju àìsàn lọ: pé ìdààmú ọkàn ló ń ṣe wọ́n. Ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Bill Clinton yàn ní ọdún 1995 gbé ìròyìn rẹ̀ kalẹ̀ ní òpin ọdún 1996, ó sì sọ pé ó ṣeé ṣe kí ìdààmú ogun kó ipa pàtàkì nínú àìsàn wọ̀nyí. Ìdààmú ogun kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ọ̀pọ̀ akọni ni ó ti sọ di ẹni tí kò lè sùn, ìtìjú kò sì sí nínú rẹ̀. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé a fi í dí àlàfo ìmọ̀. Pé a kò rí okùnfà kan kò sọ pé kò sí okùnfà, ẹni tí bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ló sì mọ ibi tó ti ń ta á.

Níkẹyìn, Khamisiyah tú àṣírí. Àgọ́ ìkóhun-ìjà ńlá kan ni, ní gúúsù ilẹ̀ Ìrákì. Ní ọjọ́ 4 àti ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 1991, lẹ́yìn tí ogun ti parí, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi àdó olóró fọ́ ohun ìjà tó wà níbẹ̀, wọn kò mọ̀ pé rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní sarin nínú wà lára wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, àwọn ayẹ̀wò Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé dé ibẹ̀, àwọn ará Ìrákì sì sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún wọn. Síbẹ̀, ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1996 ni Pentagon tó jẹ́wọ́ fún aráyé. Ẹ kíyè sí bí ìjẹ́wọ́ náà ṣe rí: wọ́n kọ́kọ́ sọ pé àwọn tó lè fara kàn án jẹ́ nǹkan bí 400, kò pẹ́, ó di 5,000, lẹ́yìn náà ó di 20,000, nígbà tó sì di ọdún 1997, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 100,000. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ṣùgbọ́n nígbà tí òtítọ́ fi máa dé, ẹni tó yẹ kí ó gbà á gbọ́ ti yí ẹ̀yìn padà. Ní Bìrìtìkó, ọdún 1996 kan náà ni iléeṣẹ́ ètò ààbò gbà pé ohun tí wọ́n sọ fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin nípa lílo oògùn organophosphate kò tọ̀nà. Nígbà tí Lord Lloyd sì jókòó láti ṣe ìwádìí lórí àìsàn náà ní ọdún 2004, iléeṣẹ́ náà kọ̀ láti yọjú síbẹ̀. Ìdájọ́ Lord Lloyd ni pé àìsàn náà wà, iṣẹ́ ogun tí wọ́n lọ ṣe ní Gulf ló sì fà á.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí bà kò sì dá ọgbẹ́ yìí ní. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Láti ọdún 1962 dé 1971, ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà da oríṣiríṣi oògùn apajẹ́ko sórí igbó Vietnam; èyí tí wọ́n ń pè ní Agent Orange wà lára wọn, májèlé dioxin sì wà nínú rẹ̀. Ọdún 1991 ni òfin tó dúró gbọn-in tó wà fún àwọn ọmọ ogun tó ṣàìsàn nítorí rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí a kó lọ wo bọ́ǹbù átọ́míìkì tí wọ́n ń dán wò búra pé àwọn kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, àní dókítà, ọdún 1996 ni a sì tó tú wọn sílẹ̀ nínú ìbúra náà. Ní Tuskegee ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti ọdún 1932 dé 1972, àwọn dókítà ìjọba ń wo àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí àrùn ìbálòpọ̀ burúkú tí à ń pè ní syphilis ń jẹ run, wọn kò sì fún wọn ní oògùn tó wà ní àrọ́wọ́tó. Aláwọ̀ dúdú pọ̀ nínú àwọn tó lọ jagun ní Gulf, ìtàn bàbá wọn kò sì ṣàjèjì sí wọn. Ta ni yóò wá dá wọn lẹ́bi pé wọ́n ń fura?

Ìfura yìí bí ọmọ, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì dára. Àwọn oníṣègùn ayédèrú ta oògùn tí kò wo nǹkan kan fún àwọn tí nǹkan ti sú. Àhesọ lóríṣiríṣi tàn kálẹ̀ pé ìjọba ló mọ̀ọ́mọ̀ fi àrùn dán wọn wò. Nígbà tí iléeṣẹ́ ológun bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan gún abẹ́rẹ́ anthrax ní ọdún 1998, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ogun kọ̀ ọ́, wọ́n yàn láti jìyà ju pé kí wọ́n tún gba ohun tí ọ̀gá wọn fà lé wọn lọ́wọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹni tí a bá ti parọ́ fún lẹ́ẹ̀kan kì í tún mọ ìgbà tí à ń sọ òótọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn rere wà tí wọn kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ti ṣe òfin ní ọdún 1994 pé kí a san owó gbà-má-bínú fún àwọn tí dókítà kò mọ orúkọ àìsàn wọn, òfin tó mọ́gbọ́n dání gidigidi. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008, ìgbìmọ̀ olùwádìí tí òfin gbé kalẹ̀ sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀ pé àìsàn Ogun Gulf jẹ́ àìsàn gidi, pé ó kéré tán, ẹnì kan nínú mẹ́rin nínú àwọn tó lọ ló mú, pé oògùn PB àti oògùn apakòkòrò ni ẹ̀rí sì tọ́ka sí jù lọ. Ní ọdún 2010, àjọ àwọn àgbà onímọ̀ ìṣègùn ilẹ̀ náà, Institute of Medicine, fi kún un pé a kò lè di ẹ̀bi rẹ̀ ru àrùn ìdààmú ọkàn kankan tí a mọ̀. Ní ọdún 2022, olùwádìí Robert Haley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Texas yẹ àwọn ajagunfẹ̀yìntì 1,016 wò, ìdajì aláìsàn, ìdajì tí ara wọ́n le, wọ́n sì rí i pé àwọn tí jíìnì PON1 tiwọn kò lágbára láti tú sarin ká nínú ara ni àìsàn náà mú jù bí wọ́n bá ti wà níbi tí ẹ̀rọ ìkìlọ̀ ti ké. Èyí ló tú ìbéèrè tó ti ń da ọ̀pọ̀ láàmú láti ọjọ́ pípẹ́, pé kí ló dé tí àwọn méjì tó jọ dúró sí ojú kan, ọ̀kan ṣàìsàn, èkejì kò ṣe é. Àwọn kan ṣì ń jiyàn lórí bí ẹ̀bi ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn kẹ́míkà náà ṣe pọ̀ tó, ṣùgbọ́n kò sí onímọ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó tún ń sọ pé àlá ni àwọn ènìyàn náà lá.

Ìdájọ́ tèmi rèé. Kò sí ẹni tí yóò bínú sí ìjọba pé kò mọ ohun gbogbo ní ọdún 1991. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó yára sọ pé kò sí nígbà tí kò tíì wò, ó sì pa ohun tó mọ̀ mọ́. Ká ní wọ́n ti sọ ní ọjọ́ kìn-ín-ní pé, “Ẹ̀yin ọmọ wa, a gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ, a kò mọ ohun tó fà á, ṣùgbọ́n a ó tọ́jú yín bí a ti ń wá a,” ìbá má ná wọn tó ohun tí irọ́ ná wọn. Nítorí náà, ẹ̀yin dókítà wa, bí ẹ kò bá rí àrùn, ẹ sọ pé ẹ kò rí i, ẹ má sọ pé kò sí. Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ máa kọ ohun gbogbo tí ẹ bá fi sára ọmọ ènìyàn sílẹ̀, kí ẹ sì bèèrè kí ẹ tó fi sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ní bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ti iṣẹ́ ológun dé, yálà ní ilẹ̀ yìí tàbí ní òkè òkun, bó bá ní ara ń ro òun, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ jókòó tì í, ẹ gbọ́ ọ délẹ̀, kí ẹ sì bá a wá ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.